Nígbà tí táyà kẹ̀kẹ́ ìhìnrere bá jò

Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù ni. Ìwàásù ti parí, igbá ọrẹ ti yí ká lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọdé ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé ìjọ dìde, ó tú ìwé kan tó wá láti oríkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Hausa. Hausa tèmi kò kọjá ti ọjà Wuse àti ti awakọ̀ tó ń lọ sí Nyanya, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni etí mi ń mú ṣáá: gibi. Mo bi ìyàwó mi léèrè. Kò dáhùn, ó kàn fi ìka tọ́ ẹnu ọmọ wa, níbi tí eyín méjì ti ká lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àlàfo tí eyín tó ká fi sílẹ̀ ni Hausa ń pè ní gibi. Èjí, tó jẹ́ ẹwà lójú tiwa àti tiwọn, wushirya ni wọ́n ń pe ìyẹn. Gibi ní tirẹ̀ kò ní ẹwà kankan nínú. Bí owó tó wọlé kò bá tó ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé àwọn máa ná, gibin kasafin kuɗi ni wọ́n ń pè é, ohun kan náà tí àwọn oníròyìn ń sọ nípa ìjọba àpapọ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí ìwé náà ń sọ nìyẹn: oríkò ní gibi, kí a mú ọrẹ pàtàkì wá.

Ọmọ Bachama ni ìyàwó mi, láti Numan ní ìpínlẹ̀ Adamawa, níbi tí odò Gongola ti ń wọnú odò Benue. Ìjọ Lutheran Church of Christ in Nigeria, tí gbogbo èèyàn ń pè ní LCCN, ni wọ́n bí i sí. Numan ni oríkò ìjọ náà wà títí di òní, wọ́n sì ní dáyọ́sìísì, ìyẹn agbègbè tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan, ní Àbújá. Èmi, ọmọ Áńgílíkà láti Ìjẹ̀bú ni mí, ìgbéyàwó ló gbé mi débẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ti ìsìn dé, bàbá kan ní àdúgbò wa, ará Ìwó, gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé náà lẹ́nu mi, ẹnu sì yà wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣebí òyìnbó ló ni ìjọ yẹn? Kí ni wọ́n tún ń bẹ̀bẹ̀ owó fún?" Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó pọ̀, tó fi mọ́ àwọn ọmọ ìjọ náà fúnra wọn.

Ìjà owó ló bí i

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá owó nínú ìjọ ló dá ìjà tó bí ìjọ Lutheran sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, póòpù ń kọ́ ilé ìsìn Peteru Mímọ́ ní Róòmù, owó kò sì tó. Albrecht, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Mainz ní Jámánì, ti jẹ ìdílé Fugger, àwọn olówó tó ń yáni lówó, ní gbèsè ńlá nítorí ohun tó ná kí ó tó dé orí oyè. Wọ́n wá rán Johann Tetzel jáde pé kí ó máa ta ìwé ìdáríjì káàkiri ìlú: ìdajì owó náà fún Róòmù, ìdajì fún gbèsè Albrecht. Martin Luther, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Wittenberg, kọ àwọn kókó 95 rẹ̀ ní October 1517 láti fi ta ko ọjà náà. Ìyókù ti di ìtàn: àwọn tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní Lutheran.

Èyí tí a kì í sábà sọ ni ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá lé ẹni tó ń ta ìwé ìdáríjì lọ, ta ló máa san owó àlùfáà? Ta ló máa bọ́ àwọn aláìní, tí yóò tún òrùlé ṣe? Ní 1523, àwọn ará Leisnig, ìlú kékeré kan ní Saxony, ṣe òfin àpótí owó kan tó jẹ́ ti gbogbo ìjọ, Luther fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Àpótí náà ní àgádágodo mẹ́rin. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú mú kọ́kọ́rọ́ kan, ìgbìmọ̀ ìlú mú ọ̀kan, àwọn ará ìlú mú ọ̀kan, àwọn àgbẹ̀ abúlé mú ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè dá a ṣí. Èèyàn 10 ni wọ́n yàn láti máa bójú tó o, àwọn àgbẹ̀ 3 sì wà lára wọn. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn dáadáa. Ohun tí báńkì ń béèrè lọ́wọ́ ìjọ lónìí, pé kí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì, àwọn àgbẹ̀ Leisnig ti ṣe é kí ọmọ Nàìjíríà kankan tó gbọ́ orúkọ báńkì.

Ṣùgbọ́n owó kò tó. Ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní jọ̀wọ́ àwọn dúkìá àtijọ́ tó yẹ kó bọ́ sínú àpótí, Luther sì ń kọ lẹ́tà ẹjọ́ nípa rẹ̀. Ètò ìṣúná Lutheran àkọ́kọ́, kò tíì rinlẹ̀ tó fi ní gibi.

Bí owó ṣe ń gòkè, àti ibi tó ń dúró sí

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Lutheran, yálà ní Numan, ní Obot Idim tàbí ní Chicago, ojú ọ̀nà kan náà ni owó ń tọ̀. (Obot Idim ní Akwa Ibom ni oríkò Lutheran Church of Nigeria, ìjọ mìíràn tí àwọn míṣọ́nnárì láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1936. Orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n ìjọ méjì ni wọ́n.) Ọmọ ìjọ ń fi ọrẹ àti ìdámẹ́wàá sílẹ̀ ní ìjọ àdúgbò. Ìjọ àdúgbò á yọ ìdá kan fi ránṣẹ́ sí dáyọ́sìísì, dáyọ́sìísì náà á yọ tirẹ̀ fi ránṣẹ́ sí oríkò. Ẹni tó bá dàgbà nínú Áńgílíkà mọ̀ ọ́n. Òun ni à ń pè ní owó dáyọ́sìísì.

Àṣìṣe tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe ni pé a rò pé bí oríkò bá ní gibi, àwọn ọmọ ìjọ ti dẹ́kun fífúnni nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ká ní ìjọ kan ní Kubwa rí ₦400,000 lọ́jọ́ Àìkú kan. Kí ó tó ronú kan oríkò, ó ní láti ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kí ó san owó iná, owó ọlọ́dẹ àti ti onígíta, kí ó sì fún opó tí òjò gbé òrùlé rẹ̀ lọ ní nǹkan. Nígbà tí epo wà ní ₦195 lítà kan, ìjọ náà lè ṣe gbogbo èyí kó sì tún fi owó oríkò ránṣẹ́. Bí gbogbo nǹkan bá gbówó lórí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa gé ni èyí tí kò ní ariwo. Ọlọ́dẹ tí kò gba owó oṣù yóò dúró wámúwámú sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì pásítọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà ni yóò kọ.

Nítorí náà, ìjọ àdúgbò lè máa kọ́ pẹpẹ tuntun kí oríkò má sì rí owó san fún olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà. Kì í ṣe olè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ahun. Owó kàn dúró sí ibi tí ojú ti rí i ni.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní Àbújá, òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ nínú ìjọ, ọrẹ a máa wúwo lọ́sẹ̀ tí owó oṣù bá jáde, a sì fúyẹ́ lọ́sẹ̀ kẹta. Ní abúlé Adamawa, àgbẹ̀ ló pọ̀. Láàárín June sí August, nígbà tí oúnjẹ ọdún tó kọjá ti tán nínú àká tí tuntun kò sì tíì jáde, kò sí ohun tí pásítọ̀ lè wàásù tí owó á fi jáde. Ṣùgbọ́n bí ìkórè bá dé, àpò ọkà bàbà, ẹ̀pà àti ìrẹsì ni wọ́n ń gbé wá síwájú pẹpẹ, wọ́n á sì gbé e ta fún ìjọ. Oríkò ń san owó oṣù ní oṣù méjìlá. Oko kì í so ní oṣù méjìlá.

Òyìnbó, àti owó tó ní orúkọ lára

Ó wá kan ìbéèrè bàbá ará Ìwó. Ní Jámánì, ìjọba ló ń bá ìjọ gba owó. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ìjọ, ọ́fíìsì owó-orí á yọ owó ìjọ mọ́ owó-orí rẹ̀: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó-orí náà ní Bavaria àti Baden-Württemberg, ìdá 9 ní àwọn ìpínlẹ̀ tó kù. Ẹni tí kò bá fẹ́ san án mọ́ gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tàbí kóòtù láti yọ orúkọ rẹ̀. Ní Denmark náà, owó ìjọ wà, iye rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ kan sí òmíràn. Bí mo ti ṣàlàyé èyí fún màmá mi ní Ìjẹ̀bú, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Owó kíláàsì nìyẹn, àmọ́ ìjọba ló di líídà kíláàsì." (Líídà kíláàsì ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ tó wà lábẹ́ rẹ̀.) N kò rí àlàyé tó dára ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n owó yẹn kọ́ ló dá LCCN sílẹ̀. Nígbà tí Niels Brønnum, dókítà àti míṣọ́nnárì láti Denmark, dé Numan ní 1913, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ló rán an, owó tí àwọn ọ̀rẹ́ míṣọ̀n ń dá jọ tinútinú ní ìletò wọn ni wọ́n sì fi ń bọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn pásítọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn 5, gba oyè ní 1948. Ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró ní 1956. Láti ìgbà yẹn, ọmọ ìjọ ló ń bọ́ pásítọ̀ wọn. Bíi ti ọmọ tó jogún ilé alájà ni ọ̀rọ̀ náà rí: bàbá ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọmọ ni yóò máa ra ọ̀dà àti páànù. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà tí wọ́n fi orúkọ Brønnum pè ní Mbamba lẹ́bàá Yola, gbogbo rẹ̀ ń béèrè owó lóṣooṣù.

Owó ṣì ń wá láti òkè òkun, n kò ní purọ́. Àjọ Lutheran World Federation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Lund ní Sweden ní 1947 tí oríkò rẹ̀ wà ní Geneva, so àwọn ìjọ wọ̀nyí pọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà LCCN, Musa Panti Filibus, ló jẹ́ ààrẹ àjọ náà láti 2017 sí 2023, bíṣọ́ọ̀bù kan láti Denmark ló sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò burú fún ìjọ tí àwọn ará Denmark dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá, orúkọ máa ń wà lára rẹ̀. Owó kànga jẹ́ owó kànga. Owó àwọn tí ogun lé kúrò nílé jẹ́ tiwọn. Bí oríkò bá jẹ pásítọ̀ ní owó oṣù mẹ́ta, kò lè fọwọ́ kan ìkankan nínú rẹ̀. Bó bá fọwọ́ kàn án, ẹni tó fi í ránṣẹ́ á béèrè ìṣirò, kò sì ní ránṣẹ́ mọ́. Bàbá mi Ìwó, ìdáhùn yín nìyẹn: owó òyìnbó wà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń jẹ́ owó gibi nínú rẹ̀.

Èyí tó ka eyín ní ọdún mélòó kan yìí

Ẹ máa rántí February 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ owó náírà tí owó ìwé sì dáwátì. Igbá ọrẹ ń kọjá, àwọn èèyàn ń na ọwọ́ òfìfo. Ilé ìjọsìn tó ti lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ògiri rí nǹkan díẹ̀. Àwọn ti abúlé tí kò ní nẹ́tíwọ̀kì kò rí nǹkan kan. Ní May ọdún yẹn, ìrànwọ́ orí epo lọ. Ní June, wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦460 sì kọjá ₦1,500 ní 2024.

Ibi tó gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ náírà yìí kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ìjọ tó bá ń gba ẹ̀bùn 10,000 dọ́là láti òkè òkun, ₦4,600,000 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ₦15,000,000. Lójú ìwé, owó ti di ìlọ́po mẹ́ta láìsí pé ẹnikẹ́ni fi kọ́bọ̀ kún un. Irú owó bẹ́ẹ̀ lè bo gibi mọ́lẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, kí ìgbìmọ̀ ìṣúná má tètè rí i pé ọrẹ ilé kò gòkè bí ọjà ṣe gòkè. Bí ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ bá wá sọ pé òun náà kò ní mọ́, gbogbo eyín á ká lẹ́ẹ̀kan.

Ó sì ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ àánú. Ní January 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì padà wá. Àwọn iṣẹ́ àánú Lutheran tó ń bójú tó àwọn tó sá kúrò nílé fara gbá a. Àwọn kan ní Àbújá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìdí nìyẹn tí pásítọ̀ kò fi rí owó gbà. Rárá o. Owó ìjọba Amẹ́ríkà kì í ṣe owó oṣù pásítọ̀, kò sì fìgbà kan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Yúróòpù pàápàá, àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ńlá ti Jámánì, àwọn Lutheran àti àwọn ìbátan wọn, kò tó 20 mílíọ̀nù ọmọ ìjọ mọ́ láti 2021, bí orúkọ sì ṣe ń kúrò nínú ìwé náà ni owó ń kúrò.

Ní ilé tiwa, àìfararọ ló burú jù. Ní 2014, Boko Haram gba Mubi àti Michika. Ní December 2017, ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní abúlé Numan àti Demsa. Àgbẹ̀ tó sá kúrò lóko kò ní ìkórè tí yóò gbé síwájú pẹpẹ. Ọ̀dọ̀ ìjọ ló ń bọ̀, òun náà ń wá oúnjẹ.

Láńṣìn, kóló, àti ilé tí wọ́n tà

Ohun tí ìjọ kọ́kọ́ máa ń ṣe ni lẹ́tà bí irú èyí tí wọ́n kà fún wa: ọrẹ pàtàkì lọ́jọ́ Àìkú kan, kí gbogbo rẹ̀ lọ sí oríkò láìsí ìdá tó dúró lọ́nà. Ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ó bá di lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àwọn èèyàn á kàn pín ọrẹ tí wọ́n fẹ́ mú wá tẹ́lẹ̀ sí méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan láńṣìn, èyí tí àwa Yorùbá mọ̀ dénú. Àga onítìmùtìmù fún alága ọjọ́, ìwé ìpè aláràbarà, ìrẹsì nínú páálí, ẹni tó ní gbohùngbohùn lọ́wọ́ tó mọ oríkì gbogbo èèyàn. Mo jókòó nínú ọ̀kan ní Àbújá lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, n kò ní dárúkọ ìjọ náà. Ọkùnrin kan dìde, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ owó ńlá, a pàtẹ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ jó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣì ń ka orúkọ rẹ̀ lára àwọn tí kò tíì san. Wọn kò sì lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn, nítorí ta ló máa mú ọmọ ìjọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹ̀jẹ́? Bí a bá yọ owó àga, ìrẹsì, olórin àti ìwé ìpè kúrò nínú owó tó wọlé ní tòótọ́, èyí tó kù a máa dójú tini. Lójú tèmi, láńṣìn dára fún kíkọ́ ilé, nítorí ilé ní ojú, èèyàn lè fi ìka tọ́ ọ pé bulọ́ọ̀kù tèmi nìyẹn. Fún gibi, kò wúlò. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń ki oríkì rẹ̀ nítorí pé ó san gbèsè owó iná.

Àwọn kan ní Amẹ́ríkà gba ibòmíràn. Lutheran Church–Missouri Synod, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1847, ní ilé iṣẹ́ rédíò ní St. Louis tó ń gbé orin àtijọ́ ti Yúróòpù sáfẹ́fẹ́, KFUO-FM. Nígbà tí owó há, wọ́n gbà ní 2009 láti tà á ní mílíọ̀nù 18 dọ́là, orin náà sì dákẹ́ ní July 2010. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ bínú gidi. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń jẹ́ Concordia, tí wọ́n jẹ́ ti ìjọ kan náà, ti ilẹ̀kùn ní Selma ní 2018, ní Portland ní 2020, ní Bronxville ní 2021. Títa dúkìá máa ń dí gibi kíá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn ń ta ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi dá àwọn ìjọ wa lẹ́bi tí wọ́n bá ní àwọn kò ní ta ilẹ̀ Àbújá, tí wọ́n kàn kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú rẹ̀ tí wọ́n ń gba owó ilé, tàbí tí wọ́n ń yá àwọn èèyàn ní gbọ̀ngán àti àga.

Missouri Synod tún ní ẹ̀ka kan, Lutheran Church Extension Fund, láti 1978. Ọmọ ìjọ á fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, á máa gba èlé díẹ̀. Ìjọ tó bá fẹ́ kọ́lé á yá níbẹ̀, á sì dá a padà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, kò sí ìyàtọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé a ní alájẹṣẹ́kù ní gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ní Àbújá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìjọ ṣì ń sáré lọ sí báńkì tó ń gba èlé gọbọi.

Owó sì lè di pàṣán. Ní 2009, ìpàdé àpapọ̀ Evangelical Lutheran Church in America, ìjọ Lutheran tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, dìbò lórí ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà tó ń bá ẹni tó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiwọn gbé. Ìjọ àdúgbò tí kò fara mọ́ ọn dá owó dúró, àwọn mìíràn jáde pátápátá, oríkò sì dín òṣìṣẹ́ kù. Ìjọ tó ní ọmọ ìjọ bíi 5.2 mílíọ̀nù nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988 kò tó 3 mílíọ̀nù mọ́. N kò sọ èyí láti dá ẹjọ́ ìdìbò náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú ìjọ tí ọmọ ìjọ ń fi owó rẹ̀ tinútinú, dídá owó dúró ni ìbò tó ń ké jù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn obìnrin. Ní 1942, àwọn obìnrin Missouri Synod dá ẹgbẹ́ míṣọ̀n kan sílẹ̀, Lutheran Women's Missionary League. Àpótí kékeré ni wọ́n ń lò, páálí lásán tí wọ́n ń gbé sí ilé ìdáná, tí wọ́n ń sọ ṣílè tó bá ṣẹ́kù sí. Kóló ni. Wọ́n ń kó gbogbo kóló náà jọ, ní ọdún méjì-méjì wọ́n á pàdé, àwọn tí wọ́n rán wá á dìbò lórí iṣẹ́ tí owó náà máa ṣe. Láti inú kọ́bọ̀ ilé ìdáná, ó ń lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là ní ọdún méjì-méjì báyìí. Kò sí alága ọjọ́, kò sí oríkì. Ẹni tó sọ owó sínú rẹ̀ mọ ibi tó ń lọ, nítorí òun náà wà lára àwọn tó dìbò.

Ní ìjọ ìyàwó mi, àwọn Zumunta Mata, ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ló súnmọ́ ìyẹn jù. Wọ́n ń dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń din kókóòsì tà, wọ́n ń rán aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ní ìwé kan tí akápò ń kọ orúkọ àti iye sí, tí ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí wọ́n ṣí. Ìyàwó mi ní kò sí ìgbà tí akọ̀wé ìjọ ka lẹ́tà gibi tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ lọ yá owó.

Ìwé tí a lè ṣí

Òfin ìjọba pàápàá ti ń sún sọ́nà ìwé tó ṣeé ṣí. Ìjọ ní Nàìjíríà a máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ní àwọn alábòójútó dúkìá, CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní August 2020 sì fún CAC lágbára láti dá àwọn alábòójútó náà dúró bí wọ́n bá rí ìwà ìbàjẹ́ nínú ìṣàkóso. Abala 839 ni. Àwọn olórí ìjọ pariwo nígbà náà, mo sì mọ ìdí rẹ̀: kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìjọba mú kọ́kọ́rọ́ karùn-ún. Ṣùgbọ́n ìjọ tí ọmọ ìjọ ti ń rí ìwé owó rẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ láti bẹ̀rù níbẹ̀.

Lẹ́tà tí wọ́n kà fún wa ní ojú ìwé kejì, ìyẹn ló ṣe mí ní nǹkan. Wọ́n kọ iye tó yẹ kí oríkò ná, iye tó wọlé, àti ohun tí wọ́n máa fi èyí tó bá wọlé ṣe: owó oṣù tó ti pẹ́, kì í ṣe ọkọ̀. Akọ̀wé kà á tán, ó tún lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ìsìn ti parí, ibi ẹnu ọ̀nà náà há, nítorí gbogbo èèyàn dúró láti kà á. Ìyá àgbà kan tí kò mọ̀wé mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ó bá òun kà á lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí wọ́n sì dé ibi tí iye owó wà, ó ní kí ó tún un kà.

Nínú ọkọ̀, ìyàwó mi ní òun ti mọ̀ pé n kò ní fi nǹkan sínú igbá, ó ní ẹ̀yin Yorùbá, bí wọn kò bá pe orúkọ yín nínú gbohùngbohùn, owó yín kì í jáde. Mo jiyàn gan-an. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo fi tèmi ránṣẹ́ láti orí fóònù. Níbi tí báńkì ti ní kí a kọ ohun tí owó náà wà fún, mo kọ gibi, mo sì fi orúkọ mi àti ti bàbá mi tẹ̀ lé e ní kíkún.